Ẹ Wọn Nẹ́gẹ́tíìfù Kí Ẹ Tó Ra Sìkánà

Ẹ má tíì ra sìkánà kékeré yẹn. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ga, kò sì nílò kọ̀ǹpútà: èèyàn á kàn ti fíìmù bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán á sì yọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn nẹ́gẹ́tíìfù tó wà nínú páálí bàbá àgbà.

Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà 24 sí 36, fíìmù 35mm nìyẹn. Ẹ̀rọ bíi Kodak Slide N Scan gbà á. Bó bá jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, tó fẹ̀ tó mìlímítà 56 níbùú lóòró, fíìmù 120 ni, kò sì ní wọ inú rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, fíìmù 120 yìí ni ọ̀pọ̀ oníyàwòrán àtijọ́ fi ya àwọn fọ́tò tí ìyàwó jókòó, tí ọkọ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ẹ wo Tijani Sitou. Ọmọ Ṣakí ni, 1932 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Gao ní orílẹ̀-èdè Mali, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Ní 1971 ó kó lọ sí Mopti, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1999. Lónìí, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ wà lára èyí tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan àti àwọn ará Mali jọ nù, tí wọ́n sì ṣe sórí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé láti wò. Ẹni tó fi Ṣakí sílẹ̀ ni wọ́n bá tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jókòó sílé, ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ní Òkèhò, ńkọ́? Iṣẹ́ tiwọn wà lórí àjà, nínú ooru. Tí ẹ bá ṣí páálí tó ń rùn bí ọtí kíkan, fíìmù ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Ohun tí mo fara mọ́ ni sìkánà pẹlẹbẹ tó ní iná nínú ọmọrí, irú Epson Perfection V600, tó ń gba 35mm àti 120. Ẹ má ṣèèṣì ra V39 tìtorí pé orúkọ wọn jọra. Ìwé nìkan nìyẹn mọ̀. Tuntun wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, kí a má purọ́, ẹ wá tòkunbọ̀. Ẹ mú nẹ́gẹ́tíìfù dání lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí ó fi sìkánà náà ṣe é lójú yín, kí ẹ sì béèrè férémù tí a fi ń di fíìmù mú. Òun ló sábà máa ń sọnù.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà 6400 dpi tó wà lára páálí kó sí yín lórí. 2400 á fún fíìmù 120 ní nǹkan bíi píksẹ́lì 5,300 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tó. Bí olùtajà bá sì ń yin infrared tó ń pa eruku rẹ́, kò wúlò fún fíìmù dúdú-àti-funfun, torí fàdákà inú rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ náà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló kù. Lásìkò ọyẹ́ ní Òkè-Ògùn, ẹ tilẹ̀kùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò rówó rárá lè fi fóònù ya á lórí gíláàsì funfun tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa bíi mẹ́wàá tó wá láti agbègbè yìí lè dáwó ra ẹyọ kan, kí ó máa yí láti ìlú sí ìlú, kí a sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọmọ oníyàwòrán kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ dá tiẹ̀?