Ìdí Tí Oògùn Jẹjẹrẹ Prostate Fi Ń Ran Ẹnìkan Lọ́wọ́ Tí Kò sì Ran Ẹlòmíràn

Láàárín àwọn ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prostate ń bá jà, ìbéèrè kan wọ́pọ̀: èé ṣe tí oògùn tó gbé aládùúgbò ẹni dìde kò fi ran ẹni lọ́wọ́? Àwọn kan a di ẹ̀bi ru dókítà, àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni, wọn a sì kọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. A rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé, nítorí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Prostate ni ẹran ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ní ọdún 1941, Charles Huggins fi hàn ní Amẹ́ríkà pé testosterone, họ́mónù ọkùnrin, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Bí a bá dín in kù, àrùn náà a rọlẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ti tàn kálẹ̀ ṣì dúró lé.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Oògùn a pa púpọ̀ nínú wọn; àwọn tó ti yí padà a ṣẹ́kù, wọn a sì máa pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé enzalutamide àti abiraterone kì í sábà ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ní àyípadà tí a ń pè ní AR-V7. Docetaxel, tó ń gba ọ̀nà mìíràn, ṣì lè ṣe wọ́n láǹfààní.

Ohun tí a jogún náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tí jíìnì BRCA2 rẹ̀ bàjẹ́ wà nínú ewu jẹjẹrẹ tó le, ṣùgbọ́n olaparib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú àrùn yìí ní 2020, lè ràn án lọ́wọ́. Jíìnì kan náà ló ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ọmú. Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò bàbá kan ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi. Àrùn yìí wọ́pọ̀ lára ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù lára àwọn tí a fi dán oògùn wọ̀nyí wò.

Nítorí náà, bí oògùn kan kò bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe òpin ìtọ́jú. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì yá oògùn ẹlòmíràn lò. Ẹ sọ ìtàn àìsàn ìdílé yín fún dókítà. Kí ọkùnrin tó ti pé ọmọ ogójì ọdún bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.