Àbúrò Wa Ni, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Jẹ́ Ká Buwọ́ Lu Ìwé Yìí

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n gbé ìwé kan síwájú wa pé kí ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ níbí ní Ìbàdàn ni ìwé náà ń lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wa, àbúrò wa tó ń ta èlùbọ́, fẹ́ kí wọ́n bá òun yí ilẹ̀ ilé rẹ̀ padà, kó kúrò ní ilẹ̀ ibùgbé, kó di ilẹ̀ iṣẹ́. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń lọ ata àti èlùbọ́ sí iwájú ilé. Àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò ti kọ ìwé tiwọn pé àwọn kò fẹ́. Ló bá ní kí ẹgbẹ́ dúró ti òun. A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo ní kí n kọ ohun tó wà lọ́kàn mi síbí. Èrò èmi nìkan ni o, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ kò burú. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́. Ilé náà, ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Owó tó fi ra ẹ̀rọ, owó àjọ ọdún méjì ni, pẹ̀lú ẹ̀yáwó tó gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí kan náà. Ẹ̀rọ ti dé, ó wà níwájú ilé, ó fi tapólì bò ó. Ojoojúmọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, gbèsè ló ń ká a mọ́.

Gbogbo wa la sì mọ ohun tó ń lé èèyàn padà sílé. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹtiróò kan fò láti nǹkan bí 200 náírà sí ohun tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Owó mọ́tò gorí, owó ṣọ́ọ̀bù gorí. Ẹni tó bá ní iwájú ilé, kí ló dé tí kò ní lò ó? Èmi gan-an tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, mo ṣì ń pàtẹ iyọ̀, magí àti ẹja gbígbẹ síwájú ilé mi. Owó ibẹ̀ ni mo fi san owó ìdánwò ọmọ mi tó kẹ́yìn.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Èkó ni. Ó máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ tún àárín Èkó ṣe. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní LEDB wó ilé àwọn èèyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dáa. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí èrò ń wọ́ kọjá lójú wọn látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n dé ibi tuntun, wọn ò rí ẹni tà fún mọ́. Oníbàárà wà l'Ékòó, àwọn wà ní Sùúrùlérè, owó mọ́tò sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, lánlọ́ọ̀dù tó bá ní kí wọ́n kó gbogbo àtẹ kúrò níwájú ilé kí àdúgbò lè dà bí ti òyìnbó, kó má bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Ọwọ́ kan náà ni Yorùbá fi ń gbé ilé tó sì fi ń ṣòwò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ọ̀tọ̀ ni àtẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí àdúgbò náà fúnra mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni akọ̀wé. Àbúrò wa ti tan ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo òpópónà ló sì mọ ọjọ́ tó tàn án. Ilé tó wà lápá ọ̀tún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ibẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, fèrèsé yàrá rẹ̀ kò sì ju apá méjì lọ sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Kò lè dìde ti fèrèsé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó dìde kúrò níbẹ̀. Gọ́tà tí omi ata máa gbà kọjá, ó ti dí fún ọ̀rá, omi dúró síbẹ̀. Ilé tó wà ní òdìkejì, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ló wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní àìsàn tí kì í jẹ́ kó lè mí dáadáa. Ó fi oògùn tí wọ́n ń fín sí ọmọ náà lẹ́nu hàn mí. Ó ní, “Mọ́mì, èmi náà ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò bá wọn jà o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tan nǹkan yẹn, ibo ni kí n gbé ọmọ mi sá lọ?”

N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká buwọ́ lùwé, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Àwa tí à ń lọ lọ ata lọ́jà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ń lò nídìí ẹ̀rọ, a ó sì kúrò. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ibo ló ń lọ? Bí a bá lọ sọ fún un pé oúnjẹ la ń wá, òun náà á ní atẹ́gùn ni òun ń wá.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo kó àpò èédú jọ síbi ògiri aládùúgbò mi. Ìyá náà bẹ̀ mí pé kí n sún un. Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Òjò kan rọ̀ lóru, omi dúdú wọ inú kànga rẹ̀. Owó tí mo fi gbọ́n kànga yẹn, tí mo fi ra omi fún ilé wọn fún ọjọ́ méje, ó ju èrè tí mo jẹ lórí èédú náà lọ. Ìyá yẹn kò sì kí mi fún ọdún kan. Bí mo bá ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kó o síbẹ̀, n kò ní rí gbogbo ìyẹn. Àwọn àgbà ló ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ohun kejì ni ìwé yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé, “Ilẹ̀ rẹ̀ ni, kó ṣe ohun tó bá wù ú.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, pé kó dì í mú fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dájọ́ láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ètò ilé kíkọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ ibùgbé ṣe nǹkan mìíràn fi ní láti gba àṣẹ.

Ẹ sì fi etí sí èyí dáadáa: ilẹ̀ ni wọ́n ń yí padà, kì í ṣe àbúrò wa. Bí ó bá ta ilé náà lọ́la, tàbí tí àwọn ọmọ tà á, ẹni tó rà á yóò sọ pé ilẹ̀ iṣẹ́ ni òun rà. Ó lè jẹ́ wẹ́dà ni yóò kó síbẹ̀, ó lè jẹ́ gáàsì ni yóò máa rọ. Èwo nínú wa ni yóò wá lọ dá a dúró, nígbà tí ìbuwọ́lùwé wa wà nínú fáìlì?

Gbogbo wa la wà ní Ìbàdàn yìí ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìró nlá yẹn dún ní Bódìjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan láàárín àdúgbò. Ẹ̀mí lọ, ilé tó wó kò lóǹkà. N kò fi ẹ̀rọ ata wé ohun abúgbàmù o, ẹ má gbé e kà mí lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé àdúgbò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ògiri aládùúgbò, ká sì dá wọn lóhùn láìbínú.

Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, nítorí mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn wa yìí ń dé ọ̀dọ̀ yín. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà ní òpópónà yín kan náà. Ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ké títí ilẹ̀ fi ń mọ́, mọ́tò àwọn àlejò rẹ̀ ń dí ẹnu ọ̀nà yín. Mo béèrè bóyá ẹ kọ̀wé lé òun náà lórí. Wọ́n ní ẹ kò kọ ọ́, pé ẹni náà ló fi owó ṣe géètì àdúgbò. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Òfin tó mú opó, tó fo olówó, kì í ṣe òfin, ìyànjẹ ni. Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe sí ọmọnìkejì, ẹ má wo ẹni tó ń ṣe é.

Kí wá ni ká ṣe? Mo ní ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ má buwọ́ lu ìwé yìí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ká kọ òmíràn pé kí wọ́n jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré síwájú ilé, níbi tí yóò ti máa ta èlùbọ́ tó ti lọ̀ tán. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn fara mọ́ ìyẹn.

Ìkejì, kí ẹ̀rọ náà wá sọ́jà. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn ẹ̀rọ tó kù wà, ẹgbẹ́ ní yàrá kan níbẹ̀ tí a kó àga àti kánópì sí. Àga lè gbé ibòmíràn. Ká fún un ní yàrá náà fún oṣù mẹ́fà láìgba owó, ká sì sún ọjọ́ tí yóò san ẹ̀yáwó rẹ̀ síwájú. Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn. Nínú àwọn tó pariwo jù ní ìpàdé pé ká buwọ́ lùwé, mẹ́ta ló ní ẹ̀rọ lọ́nà ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ká má fi àánú bo ohun tó wà nínú. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bí a kò bá lè yàgò fún un lọ́jà, a kò lẹ́nu láti sọ pé kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò nílé.

Ìkẹta, láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ fi ibi tí yóò gbé e sí hàn wá, kó sì ti bá àwọn tó yí i ká sọ̀rọ̀. Àwa la yá àbúrò wa lówó. A kò bi í léèrè ibi tí ẹ̀rọ ń lọ. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀, èmi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀yáwó sì ni ẹni àkọ́kọ́.

Àbúrò mi, bí o bá ka èyí, má ṣe rò pé mo kẹ̀yìn sí ọ. Mo ti lọ wo yàrá náà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ tó, ẹ̀rọ yóò wọlé. Mo ṣetán láti ràn ọ́ lọ́wọ́ kó àga jáde.

Ọjà á tà o. Ilé á tòrò o. Ká pàdé ní ìpàdé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.