Ẹ Má Fín Kẹ́míkà Yí Ilé Ká, Àdá Ṣì Wúlò



Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, àgbàlá ní Sàngó, Ìjokò àti Ìyànà-Ìyèsí ti ń di igbó. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, agbára wo ló fẹ́ fi gbé ọkọ́? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sáré ra kẹ́míkà. Lóko ńlá, a ò bá yín jà. Nídìí ilé, àwa ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo ibi tí kànga yín wà. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ fín in tán lè wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ladìyẹ ti ń jẹ̀, ibẹ̀ lọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ lẹ ti ń já gbúre àti ẹfinrin. Ti paraquat tún wá burú jù. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá gbé e mì, kò tíì sí oògùn tó lè pa oró rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń tà á fún yín, ẹ má rà á.

Kí wá ni ká ṣe? Ká mọ ìgbà ni. Ẹ wo jogbo, èyí tó máa ń tan òdòdó yẹ́lò lẹ́bàá títì lápá ìparí ọdún. Ọ̀nà Mẹ́síkò ló ti wá. Torí ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìn ín nílẹ̀ wa, òun ló wá di èpò yìí. Tí ẹ bá jẹ́ kó tanná kó so, irúgbìn rẹ̀ á fọ́n ká, wàhálà èèmíì nìyẹn. Àmọ́ tí ẹ bá bẹ́ ẹ báyìí tó ṣì rọ̀, ewé rẹ̀ á tètè jẹrà, á di ajílẹ̀. Ẹ fi bo ìdí àgbàdo àti ata yín, kò ní jẹ́ kí koríko míì hù bọ̀rọ̀. Kùkùté rẹ̀ á tún rúwé o, ẹ tún bẹ́ ẹ. Èkan ní tirẹ̀, àfi kẹ́ ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ pín àgbàlá sọ́nà mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa ro apá kan lọ́sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà la ó fi lé èpò jáde.

Ẹ pọ́n àdá yín. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èrò yín.