Eyín Kì í Ṣe Ọjà Orí Àtẹ

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Carter sọ̀kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà kò ní ṣàì rí ohun tí yóò rà. Aṣọ ń bẹ níbẹ̀, bàtà ń bẹ níbẹ̀. Aago, ọṣẹ àti oògùn òyìnbó kò sì gbẹ́yìn. Nítòsí wọn ni ìwọ yóò ti rí orín ata àti orín Ìjẹ̀bú tí a dì ní ìdì ìdì. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ohun mìíràn hàn mí, tí ó rà lọ́wọ́ oníkiri kan: ike rírọ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n ní bí ó bá ń fi í há ẹnu sùn, eyín rẹ̀ tí ó gun ara wọn yóò tò lẹ́sẹẹsẹ. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi rà á. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ náà. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ ènìyàn fẹ́ kí eyín òun tò. Ohun tí ó burú ni kí a rò pé ohun tí ń to eyín ṣe é rà lórí àtẹ bí ẹni ra bàtà.

Ohun tí ike yẹn ń fara wé ń bẹ ní tòótọ́. Òyìnbó ń pè é ní aligner. Èmi yóò máa pè é ní ike ìto-eyín. Ní 1997 ni Zia Chishti àti Kelsey Wirth dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Chishti ti fi wáyà to eyín rẹ̀ nígbà tí ó ti dàgbà, ó sì ṣàkíyèsí pé ike tí a fún un láti fi di eyín náà mú lẹ́yìn iṣẹ́ lè sún eyín padà sí àyè rẹ̀. Láti inú èyí ni ike wọn tí à ń pè ní Invisalign ti jáde.

Dókítà eyín ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Yóò yẹ ẹnu wò, yóò ya fọ́tò egungun àgbọ̀n, yóò sì fi ẹ̀rọ gba àwòrán eyín. Kọ̀ǹpútà yóò ṣe ìṣirò bí eyín kọ̀ọ̀kan yóò ti rìn, a ó sì ṣe ike fún ìpele kọ̀ọ̀kan ìrìn náà. Ike kan kì í sún eyín ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ike ti ń rọra ti eyín, egungun tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, egungun titun yóò sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Egungun kì í gba ìkánjú. Báwo wá ni ike kan ṣoṣo, tí a ṣe fún gbogbo ẹnu, yóò ṣe to ẹnu kan?

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Oúnjẹ a máa sá pamọ́ sáàárín eyín tí ó gun ara wọn, níbi tí orín àti búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Ibẹ̀ ni eyín ti ń jẹrà, tí èrìgì ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Eyín tí ó yọ síta púpọ̀ a sì máa tètè kán bí ọmọ bá ṣubú. Wáyà ń tún irú eyín bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹran a sì máa há sí i lára. Ṣùgbọ́n ike ṣe é yọ, kí a jẹun, kí a sì fọ ẹnu mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, eyín kan wà tí ó wọ́ jù, tí wáyà nìkan ni agbára rẹ̀ ká a.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èjí. Àwọn baba wa ka èjí sí ẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí a kò bí i mọ́ a máa lọ pa á. Bí ẹnìkan bá wá ní kí ẹ fi ike dí i nítorí pé eyín àwọn òṣèré sinimá kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ rora. Eyín tí ń jẹun dáadáa, tí ó mọ́, tí kò sì dun ẹni tí ó ni ín, kí ni ó ṣẹ̀?

Ẹni tí ó bá sì wọ ike, iṣẹ́ bá a. Wákàtí 20 sí 22 ni ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu lójúmọ́. Ọmọ tí ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé títí dé ilé kò lè rí wákàtí wọ̀nyí. Omi lásán ni a lè mu sí i. Ẹ̀kọ gbígbóná a máa ba ike jẹ́, obì a máa pa á láró, ọtí ẹlẹ́rìndòdò a sì máa dúró sáàárín ike àti eyín, yóò máa jẹ eyín run. Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí a fi fọ̀ ọ́; omi gbígbóná yóò wọ́ ọ. Inú àpò rẹ̀ ni kí a máa fi í sí nígbà oúnjẹ, kí a má ṣe wé e sínú bébà, nítorí ẹni tí ń palẹ̀ àwo mọ́ yóò kó o dànù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ike ìdìmú ṣì ń bẹ láti máa wọ̀ sùn, nítorí eyín kì í gbàgbé àyè rẹ̀ àtijọ́.

Gbogbo èyí ń fẹ́ ojú dókítà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ SmileDirectClub, tí a dá sílẹ̀ ní 2014, ń fi ike ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n jókòó níwájú dókítà bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì fi àwọn tí eyín wọn ṣì wà lójú ọ̀nà sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí oògùn ayédèrú. Bí oògùn tí a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí lára bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ike oníkiri tí kò ní ọ̀kankan? Àjọ Medical and Dental Council of Nigeria ni ó ń kọ orúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ẹnu ọmọ wa.

Ìyá ọmọ kíláàsì mi ti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ní eyín kan tí ó ti ń jẹrà lẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ dí, kí a tó sọ̀rọ̀ títo rárá. Ike oníkiri náà ṣì wà nínú àpótí tábìlì mi.