Ìkíni Kọ́ Ni Ìgbàlà: Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́ Àwọn Oníwàásù Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Pobẹ̀, ní Sakété, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bínú.

Ní ìsìnkú ìyá àgbà kan, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, wọ́n pe oníwàásù kan wá láti Kútọnu. Ọmọ wa ni. Ó kàwé, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fi Yorùbá wàásù, Faransé ni òun fi kọ́ ohun tí òun mọ̀. Wọ́n bá wá ọmọ ilé ìwé CEG kan kí ó máa túmọ̀.

Orí « le salut » ni oníwàásù ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí: ó lè jẹ́ ìgbàlà, ó sì lè jẹ́ ìkíni. Ìkíni ni ọmọ náà mọ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ báyìí: « Jésù wá sí ayé láti kí wa. Ọ̀fẹ́ ni ìkíni rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba ìkíni yìí yóò ṣègbé. »

Àwọn àgbà dáhùn pé: « A dúpẹ́ o! A kí òun náà. » Ìyá kan tí ó jókòó tì mí yíjú sí mi, ó ní: « Ọmọ mi, ṣé ìkíni yìí nìkan náà ni wọ́n fi rán ọkùnrin yìí sí wa? »

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, a ti sin díẹ̀ nínú àwọn àgbà tí ó jókòó síbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu oníwàásù lọ́jọ́ náà ni pé Jésù kí wọn. Ta ni yóò dáhùn fún èyí? Ọmọ ilé ìwé náà ni? Rárá o. Àwa tí a gbé iṣẹ́ lé ẹni tí a kò kọ́ lọ́wọ́ ni yóò dáhùn.

Ohun tí mo ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìjọ wa kò kọ́ oníwàásù, ìdí nìyẹn tí ìwàásù wa kò fi ní ìgboyà. Àwọn tí a rán lọ kọ́ ẹ̀kọ́, a kò kọ́ wọn ní èdè àwọn tí wọn yóò wàásù fún. Àwọn tí wọ́n sì gbọ́ èdè náà, a kò kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí a kò kọ́ wọ̀nyí. Ohùn wọn dùn, Yorùbá wọn já gaara. Ní alẹ́ Sátidé, wọn yóò gbọ́ ìwàásù láti Èkó lórí fóònù. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, wọn yóò tún un sọ fún wa, títí kan ikọ́ tí oníwàásù ibẹ̀ wú. Wọn yóò ka ẹsẹ kan, wọn yóò pa Bíbélì dé, ó di ariwo: ọ̀tá ilé bàbá, ọ̀tá ilé ìyá, ẹni tí kò fẹ́ kí o lówó. Kí ó tó di ọ̀sán, ìyá arúgbó kan ti di àjẹ́ lójú àwọn ọmọ tí ó fi ọmú bọ́. Mo mọ ilé tí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ tú ká. Ọmọ kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́ títí ìyá fi kú, oníwàásù náà sì ti lọ sí ìlú mìíràn.

Àwọn kan ń pe èyí ní ìgboyà nítorí pé ó ń pariwo. Ariwo kì í ṣe ìgboyà. Ìgboyà wo ni ó wà nínú kí ènìyàn bú arúgbó tí kò ní owó, tí kò ní olùgbèjà?

Ẹ rántí Míkáyà. Ọba Áhábù fẹ́ lọ jagun ní Ramoti-Gílíádì. Irínwó wòlíì ló dúró níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ní kí ó lọ, pé yóò ṣẹ́gun. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Míkáyà ọmọ Ímílà. Ẹni tí wọ́n rán lọ pè é ti gbà á nímọ̀ràn lọ́nà pé kí ó sọ ohun tí ó bá tàwọn yòókù mu. Míkáyà dé, ó sọ òótọ́: ogun náà kò ní dára. Wọ́n gbá a létí níwájú ọba. Wọ́n tì í mọ́lé, oúnjẹ ìpọ́njú ni wọ́n ní kí wọ́n máa fún un. Áhábù lọ sójú ogun, ọfà bà á, ó kú. Irínwó kan ò tó ẹyọ kan, nítorí ẹyọ kan yẹn ló mọ ohun tí wọ́n fi rán an. Ohun tí àwọn yòókù mọ̀ ni ohun tí ọba fẹ́ gbọ́.

Ta ni Áhábù tiwa? Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́dún tó kọjá gbé ọkọ̀ tuntun wá sí ilé ìsìn. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé gaïman ni, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì. Ó wá dúpẹ́, ó gbé àpò ìwé owó sílẹ̀. Oníwàásù da òróró sí ọkọ̀ náà, ó ní kí Olúwa fi kún un. Kí ni Olúwa yóò fi kún? Àwọn tí yóò tún lù ní jìbìtì?

Ìyá ìjọ tí ó jókòó síwájú ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan nílé, irú èyí tí àwọn ará Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Òun ló ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló ń kiri omi tútù ní ibùdókọ̀, kò rí ilé ìwé rí. Ní Sọ́ńdè, òun ló ń gbé àga ìyá ìjọ tẹ̀ lé e. Oníwàásù ń rí i. Ìwàásù mélòó ni ẹ ti gbọ́ lórí ọmọ náà?

Ọkọ kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kó ohun gbogbo lọ, wọ́n lé opó àti ọmọ síta. Àwọn ẹbí náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Oníwàásù gbàdúrà ní ọjọ́ ogójì, ó jẹun, ó lọ sílé.

Èyí ni ibi tí a ti ń wá ìgboyà. Mo sì gbà pé ó ṣòro. Oníwàásù tí ó jẹ́ pé àpò gaïman ni yóò fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe la ẹnu? Ẹni tí kò mọ ju ẹsẹ Bíbélì mẹ́wàá lọ, kí ni yóò gbá mú nígbà tí olówó bá bínú? Ẹni tí ó mọ Ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó mọ̀ pé Nátánì tọ́ka sí Dáfídì lójú, tí ó mọ̀ pé Jòhánù Onítẹ̀bọmi bá Hẹ́rọ́dù wí lórí aya arákùnrin rẹ̀, ó mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jìyà nítorí òótọ́. Ẹ̀kọ́ ló ń fún ìgboyà ní ẹsẹ̀.

Àwọn kan yóò ní: « Ọlọ́run kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Samuel Oschoffa tí ó dá ìjọ Céleste sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni. Apẹja ni Pétérù. » Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Inú ìdílé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ Oschoffa, inú ìdílé Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ Babalọlá; àwọn méjèèjì ti gbọ́ Ìwé láti kékeré. Pétérù sì bá Jésù rìn, ó ń bi í léèrè, ó ń ṣì í sọ, Jésù ń tọ́ ọ sọ́nà, kí ó tó dìde wàásù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àpólò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí iná wà nínú rẹ̀, nígbà tí Àkúílà àti Pírísílà gbọ́ ọ, wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e síi. Tọkọtaya tí ń pa àgọ́ ló kọ́ ọ, kì í ṣe ilé ìwé gíga. Èmi kò sọ pé kí gbogbo wọn gba ìwé ẹ̀rí. Mo ní kí wọ́n kọ́ wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní: « Faransé ni èdè ẹ̀kọ́, Yorùbá kò gbé ẹ̀kọ́ Ọlọ́run. » Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ara rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní Freetown ní 1827. Ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó gba oyè àlúfáà ní 1843. Kí ni ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe? Ní oṣù kìíní 1844, ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará rẹ̀ tí wọ́n jọ ti oko ẹrú bọ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ìtumọ̀. Nígbà tí ó fi di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gba èdè lẹ́nu rẹ̀.

Tí ẹ bá ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ẹ wo ilé wa. Ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ. Ọdún 42 lẹ́yìn náà, ní 1928, ọmọ Kétu, Thomas Moulero, ni ọmọ ilẹ̀ Dahomey àkọ́kọ́ tí ó gba oyè àlúfáà Kátólíìkì. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn àlúfáà dé òpin, síbẹ̀ ó tún jókòó ti ìtàn àwọn baba wa, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú tí ó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó máa gbọ́ ìgbàlà bí ìkíni.

Nítorí náà, kí ni kí á ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo rí.

Àkọ́kọ́: kí ẹnikẹ́ni tó gorí pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà oníwàásù fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹ yan alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ ka Bíbélì Yorùbá sókè, ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ béèrè, ẹ dáhùn. Bí Ẹ́sírà àti àwọn ọmọ Léfì ti ṣe nìyẹn ní Jerúsálẹ́mù: wọ́n kà á, wọ́n là á yé àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn sì yọ̀ nítorí pé ó yé wọn.

Ìkejì: kí àwọn tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé padà wá kọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, kí á tó fi ìjọ lé wọn lọ́wọ́. Yorùbá inú Bíbélì pàápàá kì í ṣe Yorùbá ẹnu ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an. Oníwàásù ní láti là á sí tiwọn. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí Gùn àti Yorùbá ti ń jókòó lórí àga kan náà, ògbufọ̀ yóò máa wà. Ẹ kọ́ ògbufọ̀ náà bí ẹ ti ń kọ́ oníwàásù. Kí ó ti rí ọ̀rọ̀ ìwàásù ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ìkẹta: ẹ bọ́ oníwàásù yín. Kí gbogbo ìjọ dá díẹ̀ díẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ ọwọ́ olówó kan ni yóò máa wò. Àgbàdo àti gaàrí láti ọwọ́ ogójì ilé sàn ju àpò owó kan tí ó ń di ẹnu.

Ìkẹrin, èyí kan èmi àti ẹ̀yin: nígbà tí ó bá sọ òótọ́ tí ó dùn wá, ẹ má lé e lọ. A ń sọ pé a fẹ́ Míkáyà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá mẹ́nu ba ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wa, àwa náà ni a kọ́kọ́ ń pe ìpàdé láti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá tí ó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ ìsìnkú náà ṣì wà láàyè. Ó ti ń darúgbó. Ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà ni pé: « Ìyá, ọ̀rọ̀ náà ju ìkíni lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. » A jókòó lábẹ́ igi, mo sọ díẹ̀ tí mo mọ̀. Kò tó. Ó yẹ fún oníwàásù tí ó mọ̀ ju tèmi lọ, tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin katikíìsì, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ta ni ẹ ń kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí? Ẹ dárúkọ ẹnì kan. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.