Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni tí Ó Jókòó fún Ayàwòrán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a fẹ́ fi ọ̀wọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà kan ń sọ ní Èbúté Mẹ́ta nípa àwa tí a ń kó ara wa jọ ní ọ̀sán Sátidé láti ya àwòrán. Wọ́n ní kò burú bí a bá ń ya igi, ilé àti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n pé kí a mú ọmọ ènìyàn jókòó sórí àpótí, kí a sì máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n ní àṣà òyìnbó ni, kò sì bá ìwà ọmọlúàbí mu.

Ní ti pé àṣà òyìnbó ni, a kò gbà. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 yóò mọ̀ dájú pé ọwọ́ tí ó ṣe wọ́n tẹ̀lé ojú tí ó ti wo ènìyàn ní àwòfín. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ń ṣe àkó fún òkú ọlọ́lá, ère tí ó jọ olóògbé ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ, tí wọ́n sì ń gbé káàkiri ìlú. Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní jíjọ.

Olóògbé Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1882, kò dúró de olùkọ́ kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ni nínú iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, àfipawọ́ ni àwòrán jẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ fún wa. Síbẹ̀ ní ọdún 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí a ń tọ́ka sí títí di òní. Ní ọdún 1920 ó ya Dókítà Sápárà, ọdún náà gan-an ni ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ St John's Wood. Nígbà tí ó padà dé, ilé-ìwé dé ilé-ìwé ni ó ń lọ káàkiri Èkó tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn òyìnbó kan ń sọ nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya àwòrán tí ó jọ ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn.

Lónìí, fọ́tò inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán ń dà kọ. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ó rọrùn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ rélùwéè jókòó fún wa. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, èjìká rẹ̀ òsì ti rọ̀ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì ti kúrò níwájú orí rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá ń pe àwọ̀ rẹ̀ ní dúdú nìkan kò tíì wò ó: búlúù wà níbi òjìji abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú wà ní etí rẹ̀, ọ̀dà dúdú lásán ìbá sì sọ bàbá náà di èédú. Fọ́tò kò ní fi èyí han ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í rẹ fọ́tò, kì í sì í béèrè ohun tí a ń fi òun ṣe.

Iṣẹ́ ni ìjókòó náà. Ẹni tí ó bá rò pé eré ni, kí ó gbé ojú rẹ̀ sókan, kí ó má ṣe mira fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ṣọ́ọ̀kì ni a fi sàmì yí ẹsẹ̀ bàbá náà ká, kí ó lè padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì rò pé ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan àti "a dúpẹ́" ti tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìhòòhò, tí ó jẹ́ gbòǹgbò ẹ̀sùn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yúróòpù, ẹni tí kò wọṣọ ni wọ́n ti ń yà láti ìgbà pípẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí egungun àti iṣan ti so pọ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, a kò kẹ́gàn rẹ̀. Àwa kò ṣe é, a kò sì rò pé àìṣe é dín wa kù. Ọkùnrin tí ó bọ́ agbádá tí ó ku ṣòkòtò, ìyá tí ó ró ìró mọ́ àyà, ń fi ọrùn, èjìká àti apá hàn tó fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́gbọ́n. Láti mọ bí aṣọ òkè ti ń dúró gbọin lára tí àǹkárá sì ń rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ ọdún kan nìyẹn.

Àìtọrọ àyè ni ohun ìtìjú, kì í ṣe wíwò. Nígbà tí Ben Enwonwu fẹ́ ya Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, ní ọdún 1973, ó ní láti kọ́kọ́ bẹ ẹbí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2018 ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ẹni tí ó jókòó, Tútù, ni àwòrán náà ń jẹ́.

Èbúté Mẹ́ta kún fún ojú tí ó yẹ ní yíyà: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí rélùwéè kó jọ, àwọn ìyá Ọ̀yìngbò, àrọ́mọdọ́mọ àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tí ó sá wá síhìn-ín lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867. Àwọn àgbà wọn ń lọ, fọ́tò inú fóònù sì ń bá fóònù lọ. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó yọ̀ǹda yàrá kan fún wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a máa san owó fún ẹni tí ó bá jókòó bí a ti ń san án fún alágbàṣe, kí a bi í léèrè aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ kí ó bá òun wá, kí a sì fún un ní àwòrán kan tí ó bá wù ú láti mú lọ sílé. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè mú ọ̀kan. Kì í ṣe èyí tí àwa kà sí èyí tí ó dára jù. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn nínú rẹ̀ ni ó yàn.