“Wọ́n Ti Ọ̀nà” Kọ́ Ni “Wọ́n Ti Ti Ọ̀nà”

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú lọ kọ ìròyìn kan bí oníwèé-ìròyìn ṣe ń kọ ọ́, ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá, mo fọkàn sí i pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ta ni kò mọ bí a ṣe ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá? Ṣé àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ní “ó lọ” àti “ó bọ̀”? Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Ìlárá-Mọ̀kín ni mo wà lọ́sẹ̀ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó ṣubú sójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí méjì, wọ́n gbé pákó kúrò, ọ̀nà sì là. Mo ní iṣẹ́ mi ti dé nìyẹn. Nígbà tó di alẹ́, mo kọ ìròyìn náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àdúgbò wa kí wọ́n lè bá mi kà á. Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé: “Wọ́n ti ti ọ̀nà Àkúrẹ́ nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣubú.”

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ tà ní Àkúrẹ́. Ọmọ rẹ̀ ka ìròyìn mi sí i létí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ní kò burú, òun á sinmi lọ́jọ́rú. Kó tó di pé ó gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń lọ ó ti ń bọ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yẹ kó tà ní tútù ti ń pọ́n, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Nígbà tó rí mi, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ọmọ mi, ọ̀nà tí wọ́n ti ṣí, kí ló dé tí o ní wọ́n ti tì í?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú.” Mi ò rí nǹkan mìíràn sọ.

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Wọ́n ti ọ̀nà lóòótọ́. Àmọ́ “wọ́n ti ọ̀nà” àti “wọ́n ti ti ọ̀nà” kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ó parí síbẹ̀. Èyí kejì sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ipa rẹ̀ sì wà nílẹ̀ di ìsinsìnyí. Ibá ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán ni wọ́n kọ́ wa pé kí á máa pè é. Mo gba máàkì nínú rẹ̀ nígbà ìdánwò, mo sì gbé e jù síta nígbà tí mo fẹ́ kọ ìròyìn.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bá ti kọjá lọ, kí á fi “ed” sí i nídìí. Nígbà tí a bá dé orí Yorùbá, ọkàn wa á máa wá ohun tó jọ “ed”. Bí a bá ti rí “ti”, a ti rò pé ọwọ́ bà á. Yorùbá kò sì nílò rẹ̀ níbẹ̀. “Ó ra ilẹ̀” ti kọjá láìfi nǹkan kan kún un. Ohun tí ìwé gírámà wa ń pè ní àsìkò afànámónìí nìyẹn: àsìkò kan náà ló ń gbé àná, ló ń gbé òní.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn wà nínú orúkọ yẹn. Bí èdè bá fa àná mọ́ òní, ẹni tó ń kọ̀wé ló gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wo “ó lọ” àti “ó fẹ́”. “Alága lọ sí ọjà” ti kọjá. “Alága fẹ́ tún ọjà kọ́” ń bẹ lọ́wọ́, bí a kò bá fi ìgbà sí i. Bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló fẹ́ ẹ, tí a kò sì kọ “nígbà náà” tàbí ọdún rẹ̀, a ti sọ ìlérí àtijọ́ di ìlérí tuntun.

“Lánàá” nìkan kò sì tó. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde nígbà náà. Àná ta ni ẹni tó bá kà á ní ọjọ́ kẹwàá máa kà? Aláròyé ti Alào Adédayọ̀ dá sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ti WhatsApp tiẹ̀ burú jù, torí “lánàá” tí ẹnì kan kọ lóṣù tó kọjá lè dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ oṣù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tèmi bà jẹ́. Ti ẹlòmíì lè jẹ́ orúkọ ẹni. Bí a bá kọ pé “ọlọ́pàá ti mú un”, òǹkàwé á gbà pé ó ṣì wà látìmọ́lé, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá a sílẹ̀ tipẹ́. Bí a bá kọ pé “kò fèsì” fún ẹni tí a pè lẹ́ẹ̀kan péré kí ìwé tó jáde, a ti dá a lẹ́bi. “Kò tíì fèsì” ni òótọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn, pé Yorùbá gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ ni, lójúkojú. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà, á bi mí pé, “Títí di ìsinsìnyí?” Màá sì dá a lóhùn. Ìwé kò ní ẹnu tí a ó fi bi í. Àwọn mìíràn ní èdè wa ló kù díẹ̀ káàtó. Èmi kò gbà. Èdè tó ya “kò” sọ́tọ̀ kúrò lára “kò tíì”, kí ló kù tí kò ní? Àwa tí à ń lò ó la kò fara balẹ̀.

Mo ti tún ìròyìn mi kọ: “Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti ọ̀nà Ìlárá-Mọ̀kín sí Àkúrẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti ṣí i.” “Ti” aṣetán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì wà níbi tó yẹ ẹ́. Èyí ni ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ì bá kà lálẹ́ ọjọ́ náà.